Bébà Tí Wọ́n Fi Di Àkàrà

Ọmọ mi ò tíì lè rìn tí ìjọba ti fún un ní nọ́ńbà. Ìwé NIN rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwòrán rẹ̀ lára rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó ń yán. Ibi tí mo fẹ́ máa gbé e sí ní Bódìjà bí mo bá lọ síbi iṣẹ́ ní kí n mú ẹ̀dà kan wá, mo bá yà sí ọ̀dọ̀ oní-fótókópì kan ní Àgbowó.

Àkọ́kọ́ jáde bàìbàì. Ó sọ ọ́ sínú páálí abẹ́ tábìlì, ó tẹ òmíràn. Mo gbà á, mo lọ.

Ebi ń pa mí. Mo ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí mo ṣe jẹ ẹ́ tán, obìnrin kan ń wò mí láti inú bébà tí wọ́n fi dì í: ojú rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà NIN rẹ̀ pé pérépéré, òróró ti rin gbogbo rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti rí bébà yìí?"

"Oní-fótókópì yẹn ni. Èyí tó bá bàjẹ́ ló ń kó fún mi."

Ti ọmọ mi náà wà nínú páálí yẹn. Aládùúgbò wa kan wà tí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ ra síìmù, tí wọ́n fi lu jìbìtì. Àwọn ọlọ́pàá ló wá sọ fún un. Ọmọ tèmi ò tíì ní ju eyín mẹ́rin lọ.

Mo tún ọmọ pọ̀n, mo sáré padà. "Bọ̀dá, ẹ fún mi ní èyí tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, pàǹtí lẹ ń béèrè? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ ọwọ́ ṣe?"

"Ó dáa, ẹ mú NIN tiyín wá, kí wọ́n fi di àkàrà."

Àwọn tó tò sílẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó fajú ro, ó ní òun ò ní tú páálí nítorí bébà kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá alákàrà:

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀dà NIN tí mo ṣe lọ́dọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Àbí mo ti fi ojú ara mi di àkàrà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ?"

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì. Wọ́n fa páálí náà jáde, wọ́n dà á sílẹ̀. Tọmọ mi wà lókè, bàìbàì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé kà. Mo fà á ya wẹ́wẹ́.

Bàbá tó kàn na ìwé wọn. Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní wíwọ́. Ọwọ́ oní-fótókópì ti ń lọ sábẹ́ tábìlì nígbà tí gbogbo wa pariwo: "Ẹ dá a padà fún wọn!"

Ó dá a padà, ó tún ní, "Ẹ má bínú, sà."

Mo kọrí sí Bódìjà, mo ń rìn bí ìyàwó gómìnà.