Ẹ́ńjìnnì Tuntun Fádípẹ̀ àti Ìgò Omi Méjì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé Dáníẹ́lì Fádípẹ̀ ti ń wọ Ìlá bọ̀, ẹ má wulẹ̀ retí fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Èéfín bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé, ọkọ̀ yóò sì tẹ̀lé e. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó èrò láti Ìlá lọ sí Ọ̀rà, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ sọ létí rẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbó. "Ikọ́ lásán ni," ni yóò wí.

Adérónkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá Olúwaṣeun, mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń mu lójúmọ́ ju ohun tí gbogbo ọ̀mùtí àdúgbò ń mu lọ. Ṣùgbọ́n Fádípẹ̀ kò mira, àfi ìgbà tí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń gbé lọ sí àpéjọ ọdọọdún ní Ọ̀rà, sọ pé àwọn ò ní bá a lọ mọ́. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ jáde nílé. Bí ẹja yíyan ni wọ́n ń débẹ̀. Wọ́n ní Ayọ̀dèjì, ọmọ àná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bọ́ọ̀sì, làwọn yóò máa pè. Ọ̀rọ̀ náà dun Fádípẹ̀ wọ eegun. "Dẹ́rẹ́bà àwọn ìyá" nìkan ni oyè tó ní láyé.

Ló bá gbà kí Àsíìsì, mẹkáníìkì rẹ̀, pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àsíìsì wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan, ó fi rọ́pò arúgbó inú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n tan án, ó ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ìyá Elizabeth, olórí àwọn ìyá, ní ó dáa, àwọn yóò dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ àpéjọ, àwọn ìyá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọkọ̀. Fádípẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn ì bá jẹ́ kí wọ́n wọ́n omi àdúrà sórí irin, kó tán síbẹ̀. Tirẹ̀ kọ́. Ó ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí.

"Ẹ jẹ́ kó wọnú lọ dáadáa, Mọ̀mí."

Ó sì wọnú lọ. Ìyá Elizabeth da ìgò kan tán, ó gba ìkejì. Adérónkẹ́, tóun náà ń bá wọn lọ, fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni pé Sátánì ló rán an níṣẹ́.

Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń gùn tí ẹ́ńjìnnì fi gbọ̀n, tó pòfóló, tó kú. Wọ́n pe Àsíìsì, ó gun ọ̀kadà débẹ̀. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti funfun bí ẹ̀kọ mímu.

"Bàbá Olúwaṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi wọ ibí yìí?"

Fádípẹ̀ wo Ìyá Elizabeth, ó wolẹ̀. "Omi wo? Ẹ́ńjìnnì burúkú lo gbé fún mi."

"Mo gbọ́, sà. Tó bá jẹ́ pé kò dáa látilẹ̀, ẹ tan án, kó kú tán, màá wá òmíràn fún yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ omi ni, tẹ́ ẹ bá tan án báyìí, ó máa nọ́kì, ó parí nìyẹn. Tá a bá dà á nù, tá a fọ inú ẹ̀, ó máa yè. Ẹ sọ fún mi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́."

Fádípẹ̀ nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Adérónkẹ́ ń wò ó: ọkùnrin yìí fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, kó pa oúnjẹ ilé wọn, kó tún ba Àsíìsì lórúkọ jẹ́, kí àwọn ìyá má baà fajú ro.

"Omi àdúrà ni," ni Adérónkẹ́ wí. "Ìgò méjì."

Ìyá Elizabeth yíjú sí i. "Ìyá Olúwaṣeun, ṣé àdúrà wa ló wá ba ọkọ̀ jẹ́?"

"Rárá o, Mà. Àdúrà ti gòkè lọ ní tiẹ̀. Omi ló kù sílẹ̀."

Àsíìsì yára kọjú sí igbó, èjìká rẹ̀ ń mì.

Àwọn ìyá pe Ayọ̀dèjì. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ láìdágbére. Ìyá Elizabeth ní níbi tí ìgbàgbọ́ ò bá sí, omi àdúrà náà á di omi lásán. Ayọ̀dèjì ò dá sí i, kò sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni.

Àsíìsì da ọ́ìlì nù, ó fọ inú ẹ́ńjìnnì; kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń dún jẹ́jẹ́ padà. Iṣu àwọn ará oko ni Fádípẹ̀ ń kó wá sí ọjà Ìlá báyìí, ó sì ń sọ fáyé pé òun lòun fi àwọn ìyá sílẹ̀. Adérónkẹ́ a máa jókòó níwájú lọ́jọ́ ọjà, á gbàdúrà ìrìn-àjò sínú. Kò tíì sí iṣu kan tó sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó.