Ìgò Tó Bá Mi Tẹ Pẹ́dà

Ní àwọn ọdún 1980, òórùn epo láti ọ̀nà Kirikiri máa ń bá atẹ́gùn wọ àgbàlá wa ní Ajégúnlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ aṣọ tí a bá sá. Inú òórùn yẹn ni èmi, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ti kúnlẹ̀ tún bíréèkì ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ ṣe.

Àbúrò ọkọ mi, mẹkáníìkì ní àdúgbò Boundary, ló fẹ́ gba ọkọ̀ náà. Níwájú ẹbí ló ti sọ ọ́: "Ìyàwó wa, ọkọ̀ kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé o! Tún bíréèkì yìí ṣe fúnra rẹ kó tó di Sátidé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mú kọ́kọ́rọ́ wá." Wọ́n gbà fún un. Mo ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi." Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bá a nílé ọkọ.

Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ́ìlì bíréèkì, pẹ́dà á rọ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Èèyàn méjì ló ń fa afẹ́fẹ́ náà kúrò: ọ̀kan á máa tẹ pẹ́dà, èkejì á máa tú nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn táyà tí ọ́ìlì ń gbà jáde, á sì máa dé e kí afẹ́fẹ́ má baà padà wọlé. Àbúrò ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lọ kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá mi tẹ pẹ́dà. Àní ayálégbé tí mo ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ ní, "Ẹ máà bínú, mà. Mi ò fẹ́ wàhálà."

Mo wá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò bọ nọ́ọ̀tì náà, mo ti ìdí rẹ̀ bọnú ìgò. Mo fi ìṣó dí ìdí rọ́bà yẹn, mo fi bíléèdì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọ́ìlì lè jáde, kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé. Ojú tí mo kọ́kọ́ là fẹ̀ jù. Ìkejì ya. Ìkẹta tínrín bí irun, ó ṣiṣẹ́: bí mo ṣe ń dá tẹ pẹ́dà, afẹ́fẹ́ ń jáde sínú ìgò, kò sì padà. Gbogbo rẹ̀ kò ju owó búrẹ́dì lọ.

Ní Sátidé, àbúrò ọkọ mi jókòó tì mí nínú ọkọ̀ láti dán bíréèkì náà wò. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá sí Apapa, tírélà iwájú dúró gbì.

"Tẹ̀ ẹ́! Yéè, mo kú! Tẹ̀ ẹ́!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dà le gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkọ̀ dúró, ó kù díẹ̀ kí imú rẹ̀ kan ìdí tírélà.

Ó nu òógùn ojú. "Ta ló bá ọ tẹ pẹ́dà?"

"Ìgò ni, ọkọ mi."

Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́wọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ìgò náà, èmi òmùgọ̀ sì fi hàn án. Kò pẹ́ tó fi so irú rẹ̀ rọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń tà á fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe nílé, pé ọgbọ́n orí òun ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ wọ́n fi ìgò yẹn yìn ín pé olóye ni. Mi ò ṣe àmín.

Àwọn kan ní ṣe ló fojú kéré mi. Irọ́ ni. Ẹni tó fojú kéré mi kò ní yí gbogbo àdúgbò ká láti ní kí wọ́n má ràn mí lọ́wọ́. A kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò lè rìn.