Àbúrò Mi, Ìyá Ìkórè

Ìtọ̀ ṣúgà àbúrò mi obìnrin, bó ṣe ń sanra sí i, àti kókó kan tó ní ó yọ sí òun lọ́mú: àwọn ni kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ yìí.

Lónìí, nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ sọ fún mi pé sísanra jù àti ìtọ̀ ṣúgà lè la ọ̀nà fún jẹjẹrẹ. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù ní ìlú Ìyìn tó ń gbé, mo rò ó fún un.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tán ná. Èmi ni Ìyá Ìkórè. Ṣé ẹ ti rí Ìyá Ìkórè tó rù rí?"

"Mi ò ní kí o rù lónìí. Kókó yẹn ni kí dókítà wò."

Ó wá ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣé ẹ máa bá mi lọ?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tẹ̀lé èèyàn yín lọ fún irú àyẹ̀wò yìí, kí lẹ bá a sọ lójú ọ̀nà? Ẹ tètè dá mi lóhùn, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí ni n óò lọ mú un.