Ìyá Tí Kò Mọ Ìparí Ìwé Kankan

Tí ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan báyìí, ẹ kàn béèrè bóyá dandan ni kí ẹni tó ń tọ́jú ìwé jẹ́ ẹni tó ti kàwé rẹpẹtẹ. Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan á ní irọ́ ni, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á jọ bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n á ti rántí Ìyá Onígọ́ọ̀mù.

Ìwé tó bá ya ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù ń tún ṣe. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti àga tó ti ṣẹ́ sí. Kò ní fèrèsé. Tábìlì kan, àpótí ìjókòó kan àti òkìtì ìwé tí kì í tán ló kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti lo ọdún méjìlélógún pẹ̀lú abẹ́rẹ́, okùn, páálí àti ike gọ́ọ̀mù. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ṣèèṣì lẹ ìdajì ojú ìwé kan tó ń sọ nípa ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn mọ́ ìdajì ojú ìwé kan tó ń sọ nípa ìgbéyàwó. Kò pẹ́ tí ọkọ ìyàwó tuntun kan fi wá fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n ní kí òun máa fún ìyàwó òun ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ojú ìwé tó ya tí ìyá yìí kì í kà láti òkè délẹ̀ kó tó fi gọ́ọ̀mù kàn án.

Ojú ìwé tó ya nìkan ló ń kà o. Kì í ka èyí tó ṣáájú, kì í ka èyí tó tẹ̀ lé e, torí òkìtì ń dúró dè é. Bó ṣe ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé nìyẹn, tí kò mọ bí ìwé kan ṣoṣo ṣe bẹ̀rẹ̀ tàbí bó ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ibi tí àwọn èèyàn ń padà sí léraléra ni ìwé ti máa ń ya jù, nítorí náà ibi tó dùn jù nínú gbogbo ìwé ilé náà ló ti gba ọwọ́ ìyá yìí kọjá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: kò rí àwọn tó ń ka ìwé náà rí. Ó máa ń rí àmì ìka olóròóró létí ìwé. Ó máa ń rí ibi tí omijé kán sí tí ó gbẹ. Nígbà mìíràn á bá irun orí, á bá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, á gbé e sókè síná, á máa bi ara rẹ̀ pé ta nìyí, kí ló pa á lẹ́kún tó báyìí? Kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí bàbá tó ń jókòó sí tábìlì iwájú, tó ń yá àwọn èèyàn ní ìwé, fẹ̀yìn tì, tí ààyè rẹ̀ ṣófo, Ìyá Onígọ́ọ̀mù délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá wọn, tábìlì iwájú yẹn, èmi ni mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ rí ojú wọn."

Oṣù yẹn náà ni ọ̀gá tuntun dé. Obìnrin gíga kan ni, ojú rẹ̀ le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìkà nínú. Ó kàn fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ ni. Ó pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹni tó máa jókòó síwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kàwé," ló wí. "Tí mo bá lọ ra bàtà, tí ẹni tó ń tà á ò wọ bàtà rí láyé ẹ̀, ṣé màá gbọ́ tiẹ̀?"

Ló bá pín fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìwé mélòó lẹ ti kà tán? Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ipò náà kọ ọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kálukú á jókòó síwájú fún wákàtí méjì kí òun wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn méjì ló gba fọ́ọ̀mù. Èkíní ni ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan tó ń to ìwé sórí pẹpẹ, ọmọlúàbí èèyàn, tí wọ́n ń pè ní Àkàtán nítorí kò sí ìwé tó mú tí kì í kà tán. Ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá ló kọ, ó sì ní àkọsílẹ̀ wọn lọ́wọ́. Èkejì ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù, tí kò tíì kọ nǹkan kan.

"Kọ ogún síbẹ̀, jàre," ni ọkọ rẹ̀ wí. Télọ̀ ni, kò rò pé ó yẹ kí fọ́ọ̀mù kankan da èèyàn láàmú. "Ta ló máa lọ kà á?"

"Wọ́n á bi mí léèrè, Bàbá wọn."

"Ó dáa, wá ka ẹyọ kan kó tó dọjọ́ náà. Ẹyọ kan ò pọ̀ jù."

Ó gbé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wálé. Ó jókòó, ó wọ ìgò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní bí ọmọlúàbí. Àfi bó ṣe dé ojú ìwé kọkàndínlógún tí ó rí i pé okùn ìwé náà ti ń tú. Ó gbójú kúrò. Ó tún ka ìlà méjì. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó tú ìwé náà palẹ̀, ó kó o sórí ibùsùn ní ìdì ìdì, ó lọ wá abẹ́rẹ́. Ìgbà tó máa fi padà dé, ọkọ rẹ̀ ti mú ìdì kìíní, ó dùbúlẹ̀, ó ń kà. Bí ìyá ṣe ń rán èyí tí bàbá bá kà tán ni bàbá ń na ọwọ́ sí òmíràn. Aṣọ oníbàárà mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí kò rán lọ́jọ́ náà. Nígbà tó kan ìdì tó kẹ́yìn, ìyá fẹ́ rán an, bàbá fẹ́ kà á, díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà.

Télọ̀ ka ìwé tán. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní ojú ìwé kọkàndínlógún.

"Ṣé kí n sọ bó ṣe parí fún ẹ, kó o lè kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù?"

"Ẹ má sọ ọ́ rárá," ló fèsì. "Ìyẹn á wá di irọ́." Ó mú báírò, ó kọ "Kò sí" sórí fọ́ọ̀mù, ó sì sùn, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, Àkàtán ló kọ́kọ́ jókòó. Ọ̀gá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ó ń wò. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ìwé nínípọn kan wá, ó béèrè bóyá ó dùn. Ṣé Àkàtán ni wọ́n ń bi ní irú ìyẹn? Ó dìde, ó ti apá aṣọ sókè, ó sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣe bí olè, ó ṣe bí ọlọ́pàá, ó sọ ẹni tó pa ọ̀gbẹ́ni náà àti ibi tó kó owó sí. Olùkọ́ pàtẹ́wọ́ títí.

"O ṣé gan-an, ọmọ mi," ló wí. "O ti bá mi kà á." Ó dá ìwé padà sórí pẹpẹ, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Èèyàn mẹ́rìnlá wá láàárín wákàtí méjì náà, gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín jáde, ṣùgbọ́n ìwé méjì péré ló bá wọn lọ. Ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń tún fáànù ṣe ni ọ̀kan nínú wọn, torí Àkàtán ò rí ìtàn sọ nínú ìyẹn.

Ó kan Ìyá Onígọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wá, ó ní òun fẹ́ ohun tó máa mú òun gbàgbé iṣẹ́.

"Ọmọ mi, mi ò ní tàn ẹ́," ni ìyá wí, ó mú ìwé kan dání. "Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nínú èyí. Ìyá kan ló wà níbẹ̀, ọkọ ẹ̀ ti kú. Ó gbé àga ọkọ ẹ̀ síta, ó jókòó sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọdún. Bó ṣe jókòó báyìí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀."

"Kí ló dé tó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Ibẹ̀ ni ojú ìwé náà tán sí. Ó pẹ́ tó ti ń dà mí láàmú."

Nọ́ọ̀sì já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dírẹ́bà kan gba ìwé níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án ti pàdé lọ́dọ̀ dókítà eléyín, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì wú, tí ìkankan ò lè la ẹnu. Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ìyá ò mọ̀. Dírẹ́bà ní òun ò lè sùn pẹ̀lú irú ìyẹn lọ́kàn. Ìgbà tí wákàtí méjì fi máa pé, èèyàn méjìlá ló ti wá, ìwé mọ́kànlá ló sì ti jáde. Ara ìyá yá gágá. Ó ti rí ojú èèyàn méjìlá, ó sì rò pé ó ti bọ́ sí i.

Ọ̀gá pè é sí kọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, mo rí ohun tí ẹ ṣe, ó wù mí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ 'Kò sí' síbí. Mi ò lè gbé ẹni tí ò ka ìwé kan tán rí síwájú ilé ìkàwé. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Wọ́n fún Àkàtán ní tábìlì. Ìyá Onígọ́ọ̀mù kí i kú oríire, ó sì fi tọkàntọkàn kí i. Ó wá padà sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún.

Ọjọ́ kẹta, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn náà. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti ka ìwé tán, ó kọjá lára tábìlì iwájú, ó ní ìyá tí ò mọ ìparí lòun ń wá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, dírẹ́bà dé. Lẹ́yìn náà àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kálukú pẹ̀lú ìparí tirẹ̀ lẹ́nu, àwọn tó ti sọ tiwọn sì tún ń padà wá láti gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa yí po, Àkàtán lọ bá ọ̀gá.

"Mà, ẹ wá wò ó. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń bi mí."

Ọ̀gá lọ, inú ń bí i díẹ̀, torí òfin kò gba àlejò lẹ́yìn. Èèyàn méje ló bá nínú yàrá tí ò gbà ju méjì. Dírẹ́bà jókòó sórí òkìtì ìwé. Nọ́ọ̀sì wà láàárín, wọ́n ti ní kó tún tiẹ̀ sọ fún àwọn tí ò gbọ́ ọ lọ́jọ́sí.

"Ìṣó ni!" ni nọ́ọ̀sì ń wí. "Ogójì ọdún ni bàbá yẹn fi ń ráhùn pé ìṣó wà nínú àga òun. Ìyàwó ẹ̀ á ní ó ti tún dé, aláròyé. Ó wá kú. Ìyá wá jókòó síbẹ̀, ìṣó gún un!"

Yàrá náà dàrú. Ìyá Onígọ́ọ̀mù gbá tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ní, "Ìṣó wà níbẹ̀ lóòótọ́! Bàbá yẹn ò purọ́!"

"Ìṣó wo?" ni ọ̀gá béèrè lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìṣó níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ṣí i fún un. Ọ̀gá kà á ní ìdúró. Ó tún un kà. Ojú tì í díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé e, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì," ló ń wí, "mo gbàgbé ìṣó!" Ó wo yàrá náà yíká, ó wo ògiri tí kò ní fèrèsé, ó wo àwọn èèyàn tó fún pọ̀ síbẹ̀. "Àkàtán, jọ̀ọ́, pe ẹnìkan kó bá ẹ gbé tábìlì yìí. Ẹ gbé e síwájú, kó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Àti gọ́ọ̀mù ẹ̀, àti gbogbo ẹ̀."

Báyìí ni tábìlì fi di méjì níwájú. Ẹni tó bá ń kánjú, tàbí tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, á lọ bá Àkàtán, kó sọ gbogbo rẹ̀ fún un títí dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wá òpin fúnra rẹ̀, Ìyá Onígọ́ọ̀mù ló ni ín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e síwájú, ó ń rán ẹ̀yìn ìwé kan, obìnrin kan sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń kàwé. Aṣọ iṣẹ́ báńkì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ṣàdédé ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣí ojú ìwé náà padà sẹ́yìn, ó tún un kà, ẹ̀rín náà sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìyá Onígọ́ọ̀mù fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó mọ ẹ̀yìn ìwé yẹn dáadáa, òun ló fi páálí sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló sì ti lẹ ojú ìwé kan náà nínú rẹ̀.

"Ṣé ibi tí bàbá ìyàwó ti sín nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

Obìnrin náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ kún fún omijé ẹ̀rín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìyá kàn ń wo ojú rẹ̀ ni.