Àwọn Tó Ń Jáde Kí Oúnjẹ Olúwa Tó Dé

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ àlùfáà ò le, kò gbé ilé àlùfáà rí. Èmi, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ: pé àlùfáà kàn ń jẹ ẹran ìkórè ni, ó ń súre fún ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n bínú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ni wọ́n gbé bàbá mi wá sí ìjọ kan nítòsí Aké, ní Abẹ́òkúta, ìjọ tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà sí. Wàhálà tó bá níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìjọba ti gba ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, òrùlé ń jò, àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ jó. Gbogbo ìyẹn ò gba oorun lójú bàbá mi. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni kò jẹ́ kó sùn.

Bàbá àgbà ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní ìyàwó mẹ́ta nínú ilé kan, ìyá bàbá mi sì ni ìkejì. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ròkè nínú orin. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọkùnrin tó bá ní ju ìyàwó kan lọ kò gbọdọ̀ jẹ Ara Olúwa. Àwọn ìyàwó lè jẹ ẹ́, ọkọ ò lè jẹ ẹ́. Ẹ má bi mí nídìí, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ìwàásù bá ti parí, bàbá àgbà á dìde pẹ̀lú àwa ọmọdé tí Bíṣọ́ọ̀bù kò tíì gbọ́wọ́ lé lórí, á ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, a ó sì jáde.

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ la máa ń jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ kékeré máa ń ṣe róbó fún un, bàbá àgbà á kó o sínú àpò agbádá, á máa pín in fún wa, á sì máa sọ ìtàn màlúù tó dúró sójú irin tí kò ka fèrè ọkọ̀ sí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Lórí àpáta, ẹ̀rín ń pa wá. Kí n má purọ́, mi ò fẹ́ kí Bíṣọ́ọ̀bù tètè gbọ́wọ́ lé mi lórí. Àárò àpáta yẹn ṣì ń sọ mí títí dòní.

Lọ́dún tí mo ń kọ́ kátíkísìmù, àìsàn dá bàbá àgbà dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó sọ fún bàbá mi pé ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun ń fẹ́ láyé: òun fẹ́ jẹ Ara Olúwa kí òun tó lọ. Bàbá mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sì lè tu ú dànù. Ọdún tó ṣáájú ló dá olórí akọrin dúró nídìí pẹpẹ nítorí pé ó fẹ́ ìyàwó kejì, ọkùnrin náà sì bínú kó lọ sí ìjọ mìíràn, ó kó ọ̀pọ̀ akọrin lẹ́yìn. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Ojú wo ni yóò fi gbé àwo fún bàbá tirẹ̀?

Àwọn àgbà ìjọ fúnra wọn ló wá bá a nílé, nítorí wọ́n fẹ́ràn bàbá àgbà. Wọ́n ní ọ̀nà kan wà: kí bàbá sọ níwájú ẹlẹ́rìí méjì pé òun ti kọ ìyàwó méjì tó kẹ́yìn, ìyálé nìkan lòun mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi mú mi dání lọ sílé bàbá àgbà. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó sì jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an.

Màmá àgbà ló kọ́kọ́ fèsì. "Olówó orí mi, ẹ gbà. Kò tiẹ̀ ní jẹ́ irọ́. Mo lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Adigbe. Kí ni mo tún ń wá nílé ọkọ lọ́jọ́ orí mi yìí?"

"Dákẹ́!" Mi ò gbọ́ kí bàbá àgbà jágbe mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Àlùfáà, tí mo bá dúró níwájú èèyàn, tí mo ní mi ò mọ ìyá ẹ mọ́, ìwọ tó ń dúró nídìí pẹpẹ, ọmọ ta ni wọ́n á máa pè ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, Bàbá," ni bàbá mi fèsì.

"Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé wa lórí, bàbá mi bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kí bàbá òun jẹ Ara Olúwa. Bíṣọ́ọ̀bù mirí, ó ní òun ò lágbára láti yí ohun tí òun bá nílẹ̀ padà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi kì í sì í bú àgbà, ṣùgbọ́n mo dì í sínú fún ọdún púpọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwàásù parí, bàbá àgbà dìde. Èmi náà dìde, nítorí ó ti mọ́ mi lára, ni màmá mi bá fà mí jókòó. Bàbá mi rí wa láti ibi pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, ó fi àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí í ṣe Ara Olúwa sí mi lọ́wọ́.

Bí ìsìn ti parí, mo sáré lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ń bọ̀ lẹ́yìn mi nínú aṣọ àlùfáà rẹ̀, nítorí kì í kí ẹnikẹ́ni kó tó kí bàbá rẹ̀. Bàbá àgbà kọ̀yìn sí i, kò rí i. Ó fà mí mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè ohun tí kò tọ́ sí i.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn, nígbà tí ìyàwó mi ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Ṣé ó ṣì máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn ní òkè ẹnu?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má tíì mu omi, kó lè pẹ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá mi, tó ti sún mọ́ wa débi tó fi gbọ́ ọ, ti yí padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì jáde wá kí ìjọ lọ́jọ́ náà.