Ẹja Tí Wọ́n Dá Padà Sódò

Nígbà tí èmi tí ẹ̀ ń wò yìí ò tíì ga ju èèkù ọkọ́ lọ, bàbá tó bí ìyá mi ló máa ń mú mi lọ sódò tó wà lẹ́yìn oko wa, lọ́nà Ìlúpéjú. Ekòló la máa ń fi sẹ́nu ìwọ̀, epìyà la sì máa ń rí pa jù. Àmọ́ bàbá àgbà ní àṣà kan tó máa ń bí mi nínú. Tó bá ti mú ẹja, á fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá rí i pé ẹyin wà nínú rẹ̀, á dá a padà sómi, á ní, “Lọ bímọ.” Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àgbàlagbà tó ń bá ẹja sọ̀rọ̀! Lójú tèmi, ọbẹ̀ wa ló ń dà sódò yẹn.

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, àbí kí n kúkú sọ òótọ́, mo ti bò ó mọ́lẹ̀, títí di Sátidé tó kọjá. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, wá bá mi nílé. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja, tí òun náà wà nínú rẹ̀, fẹ́ lọ sódò wa, kí n wá fọ̀nà hàn wọ́n. Ìyàwó mi gbé agbọ̀n fún mi, ó ní òun á ti lọ ata sílẹ̀ dè mí, kí n má padà wá lọ́wọ́ òfo o.

Ẹ gbà mí! Ohun tí mo rí lódò yà mí lẹ́nu. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́fà wọ ṣòkòtò rọ́bà tó gùn dé àyà, wọ́n wọnú omi lọ. Kò sí ekòló lẹ́nu ìwọ̀ wọn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n ní ẹja á rò pé kòkòrò ni. Wọ́n ń ju okùn síwájú, wọ́n ń jù ú sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fi pàṣán lé eṣinṣin. Mo ní nínú mi pé ìwé àpọ̀jù ló ń da àwọn wọ̀nyí láàmú. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn wá látàrí, wọn ò rí nǹkan kan mú.

Lójijì, ọ̀pá ìwọ̀ ọmọ ọmọ mi tẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Epìyà ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ikùn rẹ̀ sì yọ. Mo ti ṣí agbọ̀n kalẹ̀, itọ́ ti ń dà lẹ́nu mi. Ọmọ yìí fi omi rin ọwọ́, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, ó fi àtàǹpàkò kan ikùn rẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sómi. Fìrì, ẹja ti lọ!

Mo lọgun. Mo ní, “Yé è! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Òfin ẹgbẹ́ wa ni, a kì í mú èyí tó lẹ́yin nínú relé. Ẹyọ kan ṣoṣo tá a sì rí láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ odò yìí. Níbo làwọn ẹja ibẹ̀ lọ?”

Mo jókòó sórí òkúta. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ ibi tí wọ́n lọ.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Bàbá àgbà lọ síbi ìsìnkú ní ìlú Ààyè, ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi méjì bá ráyè. A jí oògùn tí bàbá mi fi ń pa kòkòrò ara kòkó, a dà á sódò lápá òkè, torí a ti gbọ́ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní máa jókòó ti ìwọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. A kọ́kọ́ ń fò fáyọ̀. Lẹ́yìn náà làwọn kéékèèké wá ń yọ, àwọn tí kò tó èékánná, inú wọn funfun lókè omi, wọ́n bo odò láti etí kan dé èkejì. Àyà wa já débi pé a ò lè mú ẹyọ kan relé.

Bàbá àgbà dé lọ́jọ́ kejì, ó káwọ́ lérí létí odò. “Ulé ẹja! Ulé ẹja ni wọ́n bà jẹ́ yìí o! Ta ló ṣe uṣẹ́ ibi yìí?” Ó wojú mi. Mo ní mi ò mọ̀. Ọjọ́ náà ló fi ìwọ̀ rẹ̀ há àjà, kò sì pẹja mọ́ títí ó fi kú. Kò mọ̀ pé èmi tóun fẹ́ràn jù ni. Ó ń dùn mí títí dòní, odò náà ò sì kún fún ẹja bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún wọn létí odò. Ọmọ ọmọ mi wá jókòó tì mí, ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Ayé ti yí o. Nígbà tiwa, àgbà ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń dá ẹja padà, ọmọdé ò gbọ́. Lónìí, ọmọdé ló ń ṣe é níṣojú arúgbó, arúgbó ló ń pariwo. Oògùn sì ti wá pọ̀ lọ́jà ju ti ìgbà wa lọ, ẹ̀rù ń bà mí fún odò yẹn.

Nígbà tí mo délé, ata ti kúná. Ìyàwó mi yẹ inú agbọ̀n wò, ó ní ẹja dà?

Mo ní, “Ó lọ bímọ.”