Àgọ́ Kan fún Èmi àti Ìyá Ìbejì

Ọmọ wa ọkùnrin ló dá a lábàá pé kí ìyá òun lọ dán òtútù wò kó tó wọ bàálù. Ìbejì la bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Èyí obìnrin wà ní Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó lóyún, ó sì ti ní kí ìyá òun wá bá òun tọ́ ọmọ. Èyí ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ igi gbíngbìn lórí àwọn òkè Mambila, lọ́hùn-ún ní Tàràbà, níbi tí òtútù ti máa ń mú débi pé èèyàn á máa rí èémí ara rẹ̀. Ó ní ibùdó kan wà nínú igbó lórí òkè náà tí àwọn èèyàn ti ń pàgọ́ sùn, kí èmi àti ìyá òun wá lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bí Màámi bá lè fara da tibẹ̀, ó ní, ti Kánádà á rọrùn.

Mo gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín ni mò ń rín síta, ṣùgbọ́n àdúrà tí mò ń gbà nínú ni pé kí òtútù òkè yẹn mú Ìyá Ìbejì débi tí yóò fi ní òun ò lọ sí Kánádà kankan mọ́. Ọdún kan ni wọ́n ń sọ, èmi sì mọ̀ pé ọdún kan ìyá tó lọ tọ́ ọmọ lókè òkun kì í parí bọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kó lọ. Mi ò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹni tó bá gbé agbo ilé rí kò ní bi mí pé kí ló dé. Bẹyẹrúnkà, ní Ìbàdàn, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo gbé ìyàwó wọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ ní yàrá tirẹ̀, aya ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá sì wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹnu ẹlòmíràn ló ń gbà kọjá. “Sọ fún ìyá ẹ pé mò ń jáde.” “Lọ sọ fún bàbá ẹ pé omi ìwẹ̀ ti gbóná.” Kì í ṣe ìjà. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn. Ọkùnrin tó bá dúró lójúde tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́, àwọn ìyàwó ilé á fi ṣẹ̀fẹ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Ìbejì wa obìnrin ni ìránṣẹ́ wa láti kékeré, torí èyí ọkùnrin máa ń gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀ sójú ọ̀nà. Nígbà tó lọ sí Kánádà pàápàá, iṣẹ́ yẹn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màá pè é lórí fóònù láti yàrá mi, òun á pe ìyá rẹ̀ ní yàrá kejì. Ọ̀rọ̀ tí kò jìnnà ju ìbú ògiri lọ á kọ́kọ́ lọ rí yìnyín kó tó padà wá sí Bẹyẹrúnkà. Bí ọ̀rọ̀ ìrìnàjò náà ṣe kàn mí nìyẹn. Ọmọ pè mí, ó ní òun fẹ́ kí Màámi wá, mo ní, “Mo ti gbọ́.” Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, Ìyá Ìbejì ti ń ra ìbọ̀sẹ̀.

Òtútù kan ṣoṣo lèmi àtàwọn ará ilé wa mọ̀, ìyẹn ọyẹ́. Nítorí náà, ọyẹ́ la múra sílẹ̀ fún. Ìyá Ìbejì ra òrí ní Ọjà'ba, ó kún abọ́ ńlá kan dẹ́nu, kí ara wa má baà funfun. Èmi mú fìlà abetí-ajá méjì. Ìyàwó ilé kan kì wá nílọ̀ títí pé ká má gbàgbé láti máa fi òrí pa ètè kó má baà bẹ́. Kò sẹ́ni tó ronú kan kúbùsù nínú gbogbo wa. Nígbà tí a ń jáde, wọ́n ṣàdúrà fún wa bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, àwọn kan sì ń bi mí lábẹ́lẹ̀ pé ṣé kò sí ilé níbi tí à ń lọ ni.

Ọ̀nà náà jìn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. A sùn lọ́nà, a tún wọ ọkọ̀ míì, kí ọmọ wa tó wá fi ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gbé wa ní ìsàlẹ̀ òkè. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ń yí po, ó ń gòkè, ó tún ń yí po. Etí mi méjèèjì dí. Mo bì lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ìbejì jókòó tì mí, ó ń jẹ róbó.

Ibùdó náà kò ju pápá kékeré kan lọ láàárín àwọn igi ńláńlá tí ewédò bo ara wọn. Ṣáláńgá onípákó wà lápá kan, odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣàn lápá kejì, wọ́n sì to òkúta mẹ́ta mẹ́ta káàkiri fún ìdáná. Kò sí iná mànàmáná. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwa nìkan la wà níbẹ̀. Ọmọ wa na àgọ́ kan, ó kan èèkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́ fóòmù méjì sínú rẹ̀, ó sì kó kúbùsù lé e, torí ó ti mọ irú àwọn òbí tó ní. Mo dúró kó na èkejì. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ nù.

“Àgọ́ tèmi dà?” mo bi í.

“Òun nìyẹn, Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín.”

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́ sí wọn. Ọmọ wa ní òun ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ òun, òun á wá gbé wa tó bá yá. Ó fi wá lé bàbá tó ń ṣọ́ ibùdó náà lọ́wọ́. Ahéré bàbá náà wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì gbọ́ ju Hausa àti èdè ìlú rẹ̀ lọ.

Òtútù orí òkè kì í ṣe ọyẹ́ rárá. Ọyẹ́ gbẹ, o lè fi òrí bẹ̀ ẹ́. Èyí tutù rinrin, ó ń rá wọ inú aṣọ. Òrí wa fúnra rẹ̀ dì gbagidi nínú abọ́, ṣíbí ò wọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eyín mi ń lu ara wọn, fìlà abetí-ajá méjèèjì wà lórí mi. Mo yọjú síta. Ìyá Ìbejì ti fi omi odò ṣe àlùwàlá, ó ti kírun, ó ti dáná, ó ró ìró mẹ́ta lé ara wọn, ara rẹ̀ sì yá gágá.

“Afẹ́fẹ́ ibí yìí mà dára o,” ó ní.

Òtútù tí mo fọkàn tẹ̀, èmi ló wá dojú kọ. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Mo fẹ́ kó bá mi po ògì gbígbóná. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá ẹni tí màá rán sí i. Bàbá aṣọ́bùdó ló ń bọ̀, ó ru igi ìdáná. Àga aláwọ ni mò ń ṣe ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà mí láwọ ni mo ti gbọ́ Hausa díẹ̀, mo bá fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ bá mi sọ fún ìyá yìí pé ògì ni mo fẹ́. Bàbá náà wo Ìyá Ìbejì tó jókòó níbi tí ọwọ́ mi lè tó. Ó wo èmi náà. Ó ní ṣé ìyá yìí gbọ́ Hausa ni? Mo ní rárá. Ó sọ igi kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

“Kí ni bàbá yẹn wí?” Ìyá Ìbejì bi mí.

“Ó ní ẹ kú òwúrọ̀.” Mo wúkọ́. “Ìyá Ìbejì, ṣé o lè bá mi po ògì?”

Ó ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ó po ògì.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ó gbé ẹ̀wà kaná ní àárọ̀. Omi ń hó, ẹ̀wà ò rọ̀. Ó koná mọ́ ọn, omi hó títí ó fi gbẹ, a bu òmíràn sí i, ẹ̀wà ṣì le. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó tà á fún un l'Ọ́jà'ba. Bàbá aṣọ́bùdó kọjá, ó gbé òkúta kan lé ọmọrí ìkòkò, ó ní bí ẹ̀wà ṣe máa ń ṣe lókè ibẹ̀ nìyẹn, ká ní sùúrù. Kò sí ohun méjì tí a fẹ́ ṣe, a jókòó ti ìkòkò. Kùrukùru ń gba àárín igi kọjá, oòrùn á yọ díẹ̀, kùrukùru á tún bò ó. Kò sẹ́ni tó ń pè mí níta, kò sí ọmọ tó ń ké, kò sí ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò. Mo gbádùn ara mi gan-an ni. Èjìká Ìyá Ìbejì kan tèmi lórí pákó tí a jókòó lé, kò sì sẹ́ni tó fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, ojú rẹ̀ wà lára iná, “ọpẹ́ kan wà tí mi ò tíì dá lọ́wọ́ yín.”

“Ọpẹ́ kí ni?”

“Ti ọdún tí ìyá mi kú. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ rán ọmọ sí mi. Pé kí n sunkún títí tó fi máa tó mi, pé ẹ̀yin ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ ò lọ síbì kankan.”

Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, mo wá ní kí ọmọ lọ béèrè bóyá ìyá rẹ̀ ti jẹun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lè gba ọpẹ́ yẹn kí n dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ojú tì mí láti jẹ oúnjẹ tí mi ò sè.

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀,” mo ní. “Mo ní kó bi ọ́ bóyá o ti jẹun ni.”

Ó yíjú sí mi. Mo rò pé á bínú.

“Ọmọ yìí!” ló sọ. “Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nígbà yẹn!”

Ìyẹn ló mú kí èmi náà béèrè tèmi. “Ìkómọ tá a lọ l'Óníyanrìn ńkọ́? Ṣé ìwọ lo ránṣẹ́ sí mi pé kò sí ọkùnrin tí agbádá yẹ tó mi ní gbogbo Ìbàdàn?”

“Èmi?” Ìyá Ìbejì di ìdodo mú. “Mo ní kó wá sọ fún yín pé agbádá yín ti ya lẹ́yìn!”

Agbádá yíya yẹn ni mo wọ̀ káàkiri Oníyanrìn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, tí mò ń gbé apá rẹ̀ sọ́tùn-ún, tí mò ń gbé e sósì. A rẹ́rìn-ín títí bàbá aṣọ́bùdó fi yọjú láti ahéré rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi. Ọmọ kékeré ló ń ṣe ìgbéyàwó wa fún wa, àwa méjèèjì kò mọ̀.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ṣí ìkòkò, ó fi ìka tẹ ẹ̀wà kan wò, ó tún dé e padà.

“Ọ̀rọ̀ Kánádà yìí ńkọ́?” ó ní. “Ọmọ pè mí, ó ní inú yín dùn sí i, pé ẹ ní kí n máa lọ, kí n farabalẹ̀ tọ́ ọmọ dáadáa, kí n má kánjú padà. Kí lẹ wí gan-an?”

“Mo ní mo ti gbọ́.”

“Kí lẹ tún sọ?”

“Kò sí. Mo ti gbọ́, ó parí.”

Ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra. “Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé mo ti sú yín,” ó ní. “Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọkọ tó ní kí n má kánjú, kí ni mo fẹ́ máa kánjú bọ̀ wá ṣe? Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ọdún kan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Mo wá ẹni tí màá rán, kò sí. Kò sí ọmọ, kò sí fóònù, Ìyá Ìbejì sì jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

“Mi ò fẹ́ kó o lọ,” mo ní. “Tí o bá sì máa lọ, mi ò fẹ́ kó o pẹ́. Ilé yẹn kún fún èèyàn, ìwọ ni mo máa ń tẹ́tí gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. O ò sú mi rí.”

Ìyá Ìbejì fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín ni. Afẹ́fẹ́ sì ń gbé èéfín lọ sí apá kejì.

“Mo máa lọ o,” ó ní nígbà tó yá. “Ọmọ tó ṣe báyìí fún wa, mi ò ní jẹ́ kó dá nìkan bímọ sílẹ̀ òkèèrè.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti lè dá jókòó, mo ti ń bọ̀ nìyẹn. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá Ìbejì.”

“Hùn.”

“Ẹ tún un sọ.”

“Kí n tún kí ni sọ?”

“Èyí tẹ́ ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo ti gbọ́ nínú ilé yín, ọmọ ló sọ wọ́n. Ẹyọ kan yìí ni mo gbọ́ lẹ́nu yín.”

Mo sún mọ́ ọn, mo sì tún un sọ.